Kí n tó san owó ẹ̀kọ́ dúlà: ìbéèrè láti Ìkòròdú

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, mo ń ta aṣọ ìkókó àti ẹrù aláboyún ní Sábó, Ìkòròdú. Ojoojúmọ́ ni àwọn aboyún máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tí wọ́n á máa sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù fún mi. Mo ti tẹ̀ lé méjì nínú wọn lọ bímọ nítorí pé ọkọ wọn kò sí nílé. Mo wá gbọ́ pé ohun tí mò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ní orúkọ, pé dúlà ni wọ́n ń pè é, pé àwọn kan ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Mo rí ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ ní dọ́là. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kò sí iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá fẹ́ wọ yàrá ìrọbí kí n lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni, pé ta ló ń gba ìwé ẹ̀rí kó tó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn aboyún. Owó ọjà ni owó tí mo fẹ́ fi san án. Ṣé kí n san án, àbí kí n dá a dúró?

* * *

ÈSÌ MI

Arábìnrin mi, ẹ má tíì san án. Mi ò ní kí ẹ má san án láéláé, ohun tí mo ní ni pé owó yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀. Èmi náà san owó dọ́là nígbà tí dọ́là ṣì sàn ju báyìí lọ, ìwé ẹ̀rí mi sì wà nínú fáìlì nílé. Títí di òní, kò sí nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí aboyún kan tó tíì ní kí n mú un wá kí òun rí i. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìrọbí, òun náà ni pé: "Kí lẹ jẹ́ sí i?" Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn tó dúró ṣinṣin sí ìbéèrè yẹn, ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá kò ní mú yín wọlé.

Ìdáhùn tèmi nìyí, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an: "Èmi ni mo máa dúró tì í, Mà. Mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ yín." Ìdajì ẹ̀kọ́ dúlà wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ìdajì yòókù wà nínú èkejì.

Láti dúró tì í túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí ìrora bá ti ń mú un débi pé kò lè parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, títí ọmọ yóò fi di ọmú mú, ẹ kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ óò máa nu òógùn ojú rẹ̀, ẹ óò máa fún un lómi mu, ẹ óò máa rán an létí kó lọ tọ̀, ẹ óò máa tẹ ìbàdí rẹ̀, ẹ óò máa bá a mí, ẹ óò sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tún ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sọ fún un ní èdè tó yé e. Láti má fọwọ́ kan iṣẹ́ wọn túmọ̀ sí pé ẹ kò ní yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, ẹ kò ní fetí sí ìlù ọkàn ọmọ, ẹ kò ní gún abẹ́rẹ́, ẹ kò ní fún un ní oògùn tàbí àgbo, ẹ kò ní gba ọmọ, ẹ kò sì ní gé ìwọ́. Agbẹ̀bí ló ni gbogbo ìyẹn.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìránṣẹ́bìnrin tàbí ẹrúbìnrin ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Dana Raphael, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ló mú un wọ inú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ nínú ìwé tó kọ lórí fífún ọmọ lọ́yàn ní 1973. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan rò pé orúkọ oyè ìṣègùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń sin ẹlòmíràn ni.

* * *

LÓRÍ ÌWÉ Ẹ̀RÍ GAN-AN

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, ma sì dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni ìwé ẹ̀rí, àwọn kan ní ẹni tí kò bá ní in kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ aboyún. Àárín méjèèjì ni mo wà, àmọ́ ẹgbẹ́ kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: àwọn tó rò pé bí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí dúlà, ìjọba ti fún wọn láṣẹ láti gbẹ̀bí. Ní Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ló ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó sọ dúlà di ara wọn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ló sábà máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe ìjọba. DONA International, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló gbajúmọ̀ jù lára wọn, CAPPA sì tẹ̀ lé e ní 1998.

Ẹ wo ohun tí DONA máa ń béèrè, nítorí ibẹ̀ ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan, á kọ́ nípa ìrọbí àti fífún ọmọ lọ́yàn, á ka ìwé. Lẹ́yìn náà, á dúró ti obìnrin 3 títí wọ́n á fi bímọ, àwọn ìyá náà àti àwọn tó gbẹ̀bí wọn á sì kọ ohun tí wọ́n rí nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 3, á tún ìwé ẹ̀rí náà ṣe. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbí mẹ́ta yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Kíláàsì kan kọ́ mi ní ọ̀nà mẹ́wàá tí a fi ń tẹ ìbàdí. Obìnrin àkọ́kọ́ tí mo dúró tì fi hàn mí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìbàdí òun rárá, pé ọwọ́ mi nìkan ni òun fẹ́ dì mú. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi dì í mú.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé: ìbí mélòó ni mo máa wà níbẹ̀ kí ẹ tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí, ta ni yóò sì ka ohun tí àwọn ìyá bá kọ nípa mi? Bó bá ní ẹ kàn máa wo fídíò, ẹ máa dáhùn ìbéèrè ogún, ìwé á sì dé sórí fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ tọ́jú owó yín.

Ẹnì kan láti Ìjẹ̀dé béèrè ìdí tí a kò fi lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá. Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lọ́kàn púpọ̀. Obìnrin tó ń rọbí kì í ní sùúrù fún èdè tó kọ́ nílé ìwé. "Sọ èjìká kalẹ̀." "Tú ẹnu sílẹ̀." "Jẹ́ kó wá, jẹ́ kó lọ." "Ó ti ń tú, o rí i?" Àwọn gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, inú ìwé kékeré kan ni mo sì ti ń kó wọn jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún kan, mo dúró ti obìnrin Ègùn kan tó wá láti Badagry. Yorùbá rẹ̀ já gaara, a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tí ìrora dé ògóńgó, Ègùn nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, mi ò sì gbọ́ ọ̀kan. Láti ìgbà náà, mo máa ń bi aboyún pé èdè wo ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo sì máa ń kọ́ gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

* * *

SÍ ẸNI TÓ BÉÈRÈ BÓYÁ ẸNI TÍ KÒ TÍÌ BÍMỌ LÈ ṢE É

Ó lè ṣe é. Kò sí ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ tó fi ọmọ bíbí ṣe ìlànà. Ìṣòro àwa tí a ti bímọ tiẹ̀ ni pé a máa ń gbé ìrọbí tiwa wọ inú ti ẹlòmíràn: "Èmi ò sunkún tèmi o." Ẹ gbé tiyín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo fi kún un ni pé ní àdúgbò wa, wọ́n á bi ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ ní ìbéèrè tó ń dunni, kó sì múra sílẹ̀ fún un.

* * *

SÍ NỌ́Ọ̀SÌ TÓ NÍ A MÁA Ń DA IṢẸ́ RÚ

Mà, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Mo fẹ́ sọ ìgbà tí èmi gan-an da iṣẹ́ rú.

Ọdún kejì mi nínú iṣẹ́ ni, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin náà ti sọ fún mi ṣáájú pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fọ́ omira òun bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú ohun èlò dání, kí obìnrin náà tó lanu, èmi ti sọ pé: "Rárá o, ẹ má fọ́ ọ, kò fẹ́ ẹ." Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Ó gbé ohun tó mú dání sílẹ̀, ó ní kí n bọ́ síta. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni. Orí pèpéle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń mọ́, obìnrin tó gbójú lé mi sì dá rọbí fún wákàtí mẹ́rin láìsí ojú kan tó mọ̀ nínú yàrá yẹn. Ó bímọ láyọ̀, ìyá àti ọmọ wà láàyè, ṣùgbọ́n kò pè mí mọ́ nígbà tó lóyún èkejì, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì náà le, òótọ́ ni, àmọ́ èmi ni mo ṣẹ̀. Mo gba ẹnu obìnrin náà lò.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí yàtọ̀. Mo máa ń tẹ̀ ba etí rẹ̀, mo máa ń sọ pé: "Wọ́n fẹ́ fọ́ omira. Ṣé ohun kan wà tí o fẹ́ béèrè?" Bó bá ní ó wà, mo máa ń kúnlẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì pé: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ó fẹ́ bi yín ní nǹkan kan." Òun fúnra rẹ̀ ló máa béèrè. Bí wọ́n bá ní ọmọ ń jìyà, pé kò sí àyè ìbéèrè mọ́, mo máa ń kúrò lójú ọ̀nà, ma sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbà, Mà, pé ohun kan wà tó mú kí àwọn obìnrin máa wá ẹni tí yóò dúró ti àwọn. Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé darí rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ghana, Guinea àti Myanmar, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń bímọ ní ilé ìwòsàn. Ó lé ní 40 nínú 100 wọn tí wọ́n rí bí wọ́n ṣe bú wọn, tí wọ́n lù wọ́n tàbí tí wọ́n fi wọ́n wọ́lẹ̀. Mi ò ní pé àwọn nọ́ọ̀sì burú. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lórí obìnrin mẹ́fà lóru, tó ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tí kò jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, bó tilẹ̀ wù ú. Ìdí gan-an tí dúlà fi yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn, kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì lè wà níbi iṣẹ́ tí òun nìkan lè ṣe.

Ní ti wọ́ọ̀dù ìjọba tí wọn kì í ti í gbà wá láyè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ìkórìíra. Obìnrin mẹ́rin lè wà nínú yàrá kan láìsí aṣọ ìkélé láàárín wọn, ẹni tó bá sì dúró ti ọ̀kan yóò máa wo ìhòòhò àwọn mẹ́ta yòókù. Mo mọ mátírọ́ọ̀nù kan tó gbà wá láyè lọ́jọ́ tí àwa mẹ́ta dáwó ra aṣọ ìkélé àti okùn tí a fi ta á. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa ná lára owó dọ́là yẹn sí, arábìnrin mi, ẹ kọ́kọ́ ronú lórí èyí.

* * *

Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ỌKỌ YÍN

Arábìnrin mi, àwọn kan fi ìyá ọkọ yín ṣe ẹlẹ́yà nínú ohun tí wọ́n kọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìyá yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń pe ọmọ bíbí: ìkúnlẹ̀. A ń sọ pé "ọjọ́ ìkúnlẹ̀", a ń fi "ìkúnlẹ̀ abiyamọ" bẹ ẹni tí inú ń bí. Orí eékún ni àwọn ìyá wa ti bímọ, èdè wa sì pa á mọ́ fún wa lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ti tẹ́ obìnrin sílẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi pé kí aboyún má sùn gbalaja nígbà ìrọbí, pé kó dìde, kó rìn, kó kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ bí ohun tuntun. Wọ́n tún kọ́ wa ní bí a ṣe ń fi aṣọ gígùn àwọn obìnrin Mẹ́síkò gbé ikùn aboyún sókè díẹ̀ kí ẹ̀yìn lè sinmi. Mo kàn ń wò wọ́n. Ìró ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìgbógbó. Oyún àkọ́kọ́ ni. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, àtùpà kan wà lórí fèrèsé. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí ẹní tí wọ́n ṣẹ́ po, ó gbé àyà lé ìrọ̀rí lórí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti pọ́n ìró ànkárá yí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, mo di etí ìró náà méjèèjì mú láti ẹ̀yìn, mo ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ti ń tú. Bí ìrora bá tún mú, ma jù ú sílẹ̀, ma fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìbàdí rẹ̀ sínú, títí apá mi á fi máa gbọ̀n. Láàárín ìrora méjì, ó ń sùn. Ó ń hanrun gan-an, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká kò, ma sì mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó jí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, ó ń ka Sáàmù, ẹ̀rù ń bà á. Mo pè é, mo fún un ní ife omi tó ní sítírọ́ọ̀ nínú, mo ní: "Mà, ẹ̀yin ló ni omi. Lẹ́yìn ìrora kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní díẹ̀ mu." Ìyá yẹn kò tún rìn kiri mọ́. Nígbà tí ìrora ti ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú kan, a mú káàdì rẹ̀, a wọ ọkọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹnu ilé ọmọ ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà méje.

Ibi tí mo ti ń ya kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ni àgbo àti àṣejẹ tí wọ́n ń fún obìnrin kí ìrọbí lè yá. Mi ò fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì ní dúró síbẹ̀ kí wọ́n fún un lójú mi láìsọ̀rọ̀. Ohun tó bá ń mú ilé ọmọ súnkì ju bó ṣe yẹ lọ lè fà á ya, kò sì sí ẹni tó lè wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan. Kódà ní ilé ìwòsàn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi oògùn tó ń mú ìrora yá sínú omi tí wọ́n fà sí obìnrin lára, wọ́n sì ń ṣọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Àwọn ìyá àbíyè tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ní iṣẹ́ tiwọn, a ní tiwa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ìyá àgbà kì í sábà ní, tí owó sì tọ́ sí, ni mímọ àmì ewu: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ọwọ́ àti ojú tó wú lójijì, ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí kò mira mọ́, àti lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì gbindin láàárín wákàtí kan. Dúlà kì í wo àwọn nǹkan wọ̀nyí sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rí i ní kíá, kó sì pariwo.

* * *

SÍ BÀBÁ TÓ NÍ ÀṢÀ ÒYÌNBÓ NI

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tako yín. Àwọn òyìnbó gan-an ló pàdánù àṣà yìí nígbà tí wọ́n kó ìrọbí wọ ilé ìwòsàn tán, tí wọ́n ti ìyá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò síta. Nígbà tí àwọn dókítà bíi Marshall Klaus àti John Kennell ṣe ìwádìí ní Guatemala, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980, ohun tí wọ́n rí ni pé obìnrin tí obìnrin mìíràn bá jókòó tì, kódà bí kò bá mọ̀ ọ́n rí, ìrọbí rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti ẹni tó dá wà. Obìnrin lásán ni àwọn tó jókòó tì wọ́n, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn dókítà méjì yìí wà lára àwọn tó dá DONA sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ rí i pé ìyá ọkọ arábìnrin wa kò jìnnà sí òtítọ́.

Ní Ìbàdàn tiwa níbí, wọ́n ṣe ìwádìí tó jọ ọ́ tó jáde ní 2009. Àwọn obìnrin tí kò ní alábàárò nínú yàrá ìrọbí rọbí pẹ́ ju àwọn tó ní lọ, ìrora wọn pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ sì kan wọn jù. Ní 2017, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó àbájáde ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wò, kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, èyí tí obìnrin tó lé ní 15,000 wà nínú rẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ já sí. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ń rọbí ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ni wọ́n sọ o, ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ dúlà. Bí ọkọ bá lè dúró tì í láìdákú, mo máa ń kọ́ ọkọ ní ibi tó máa tẹ̀, ma sì jókòó sẹ́yìn.

* * *

OWÓ, ÒRU ÀTI Ọ̀NÀ

Àwọn mẹ́ta béèrè iye tí mò ń gbà. Ẹni àkọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún mi, mo sì ná ju ìdajì rẹ̀ lọ sórí ọkọ̀. Mi ò ní sọ iye tòní nítorí pé ọ̀wọ́n gógó owó epo ń yí i padà. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ gba owó yín kí ọmọ tó dé: ìdajì lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìyókù nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 36. Lẹ́yìn tí ọmọ bá dé, ìkómọ ni gbogbo owó ilé ń lọ, ojú á sì máa ti yín láti béèrè.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ohun tí wọ́n ń san owó fún ni pé ẹ máa dúró tì í, pé kì í ṣe ìlérí pé kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nílò yín jù, torí kò lè dìde gbé ọmọ fúnra rẹ̀.

Òru ni ọmọ fẹ́ràn láti wá. Láti Ìkòròdú lọ sí Ìmọ̀tà lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ẹ bá rí lójú títì. Ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀bútè kì í ná òru, nítorí náà ẹ má gba aboyún tó fẹ́ bímọ ní Erékùṣù bí ẹ kò bá ní bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀ láàjìn. Ẹ ní dírẹ́bà kan tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tó mọ̀ pé ẹ lè pe òun nígbàkigbà, kí ẹ sì máa fún un ní nǹkan kódà lóṣù tí ẹ kò pè é. Ẹ ní dúlà mìíràn tí yóò rọ́pò yín bí ara yín kò bá yá, kí aboyún ti mọ ojú rẹ̀. Ẹ má gba ẹni méjì tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn súnmọ́ ara wọn. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárín wákàtí mẹ́ta síra wọn.

Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá aboyún kankan sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó ń jáde nílé ní aago kan òru, tí kò sì mọ ọjọ́ tí òun máa padà, gbọ́dọ̀ ní ọkọ tó mọ ibi tó ń lọ, àti ẹni tí yóò fún àwọn ọmọ lóúnjẹ ilé ìwé láàárọ̀.

* * *

Ẹ PADÀ SÍBÍ, ÌYÁ ỌLỌ́MỌ MẸ́TA

Mo rí ohun tí ẹ kọ láàárọ̀ yìí, pé ẹ ti lọ rí mátírọ́ọ̀nù ilé ìtọ́jú tó wà ládùúgbò yín, pé ó ní kí ẹ wá jókòó sí kíláàsì àwọn aboyún lọ́jọ́ Tuesday. Ọ̀nà gan-an nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi jù bí ẹ bá ti ní ẹ ti sanwó lọ. Ẹ lọ níbẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹ máa bá wọn tò àga, ẹ máa gbọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ ojú yín, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Àwọn ìbí méjì tí ẹ ti lọ, ẹ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ tó gbàgbé: aago tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ohun tí kò ṣiṣẹ́, ohun tí ìyá náà sọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí oṣù méjì bá pé, tí ọkàn yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ san owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìbí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lọ.

Obìnrin kan wà lọ́wọ́ mi ní Ìgbógbó, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ti bi í, ó ní òun kò kọ̀ kí ẹ wá bá mi dúró, bí ẹ bá kọ́kọ́ wá kí òun nílé kí òun rí yín. Ẹ jẹ́ kí a lọ ní Saturday lẹ́yìn ọjà. Lọ́jọ́ ìrọbí, ẹ wọ bàtà tí kì í dún, ẹ gé èékánná yín, ẹ má fín lọ́fíńdà rárá torí òórùn rẹ̀ máa ń mú wọn bì. Ẹ mú tówẹ̀lì kékeré méjì, omi àti bísíkíìtì tiyín dání. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ma sún sẹ́yìn, kí ẹ wá dúró síbi tí mo dúró sí.